Aṣọ Funfun Inú Àpótí Màmá

Lọ́dún tí mo ń sọ yìí, tí ẹ bá rí mi lójú títì ní Ṣàgámù, ẹ ó rò pé èmi ni wọ́n gbé gbogbo ìyà tó wà nílẹ̀ Rẹ́mọ lé lọ́wọ́ kí n wá bá wọn yanjú rẹ̀. Mo ní káàdì ìdánimọ̀ tí mo fi okùn kọ́ sọ́rùn. Mo ní fáìlì aláwọ̀ ewé kan tí kì í kúrò lábẹ́ apá mi. Mo sì ní ìrìn kan tí mo máa ń rìn, ìrìn ẹni tí wọ́n ń dúró dè. Kò sẹ́ni tó ń dúró dè mí. Akẹ́kọ̀ọ́ lásán ni mí, mo ń kàwé gboyè kejì nínú ẹ̀kọ́ nípa ìrònú ẹ̀dá àti ìgbaninímọ̀ràn, ilé-ẹ̀kọ́ wa sì ní kí kálukú wa lọ fi oṣù mẹ́fà kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ àwọn tó ń jà fún ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn.

Ẹgbẹ́ tí wọ́n fi mí sí kò tóbi. Yàrá méjì ni, lókè ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ta ẹ̀yà ara mọ́tò, pẹ̀lú fáànù kan tó ń ké ṣáá. Ọ̀gá wa jẹ́ obìnrin tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ tíṣà, tí kì í pariwo, tó sì máa ń ka ìwé tó bá fẹ́ buwọ́ lù lẹ́ẹ̀mejì. Àwa mẹ́ta la jọ ń kọ́ṣẹ́ níbẹ̀. Ọ̀kan nínú àwọn ẹlẹgbẹ́ mi ń tẹ̀lé ọ̀rọ̀ obìnrin kan tí ọkọ rẹ̀ da omi gbígbóná sí lára. Èkejì ń tẹ̀lé ọ̀rọ̀ àwọn òṣìṣẹ́ kan tí wọ́n lé kúrò níṣẹ́ torí wọ́n ní kí wọ́n fún àwọn ní ìbọ̀wọ́. Tá a bá ṣe kíláàsì lórí fóònù lópin ọ̀sẹ̀, àwọn méjèèjì á máa sọ̀rọ̀, olùkọ́ wa á máa bi wọ́n léèrè lórí ìbéèrè. Tó bá kàn mí, n ó ní mo ń tẹ̀lé ọ̀rọ̀ ìyá arúgbó kan tó ń bó obì. Olùkọ́ á ní, "Ó dára," á sì bọ́ sórí ẹlòmíràn. Ó máa ń dùn mí gan-an. Mo ń jowú ọgbẹ́ ọlọ́gbẹ́, ẹ wo irú èmi.

Ìyá arúgbó náà, Màmá ni gbogbo àdúgbò ń pè é. Àdúgbò Ẹ̀pẹ́ ní Ṣàgámù níbẹ̀ ló ń gbé, nínú ilé ẹbí àwọn Mùsùlùmí tó ń ṣòwò obì láti ìgbà tí ẹnikẹ́ni ti lè rántí. Ọmọ rẹ̀ obìnrin kú, ó fi ọmọ ọdún méjì sílẹ̀, Màmá sì ni ó tọ́ ọmọ náà títí ó fi pé mẹ́wàá. Láàárín ọdún mẹ́jọ yẹn, bàbá ọmọ kò yọjú ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, bàtà tó rà wá lọ́jọ́ náà sì há ọmọ lẹ́sẹ̀. Ìgbà tí ìyàwó rẹ̀ tuntun bí ìbejì ní Simawa ni wọ́n tó rántí pé àwọn ní ọmọbìnrin kan ní Ṣàgámù tó ti tó ẹni tí í pọn ọmọ.

Bàbá náà gba iwájú ìgbìmọ̀ kan lọ, àwọn tó ń gbọ́ ọ̀rọ̀ nípa ọmọdé. Ó ní Màmá ti dàgbà jù láti tọ́ ọmọ, pé kí wọ́n dá ọmọ òun padà fún òun. Ọmọ ní òun ò lọ. Màmá wá sọ́dọ̀ ẹgbẹ́ wa, ọ̀gá mi sì fi ọ̀rọ̀ náà lé mi lọ́wọ́. Kí n lọ sọ́dọ̀ Màmá lẹ́ẹ̀mẹta, kí n bá a sọ̀rọ̀ dáadáa, kí n wo bí ọkàn rẹ̀ ṣe rí, kí n sì kọ ìwé tí ìgbìmọ̀ máa kà. Bí ìwé mi bá gbe Màmá, ọmọ á dúró sọ́dọ̀ rẹ̀. Ohun tó wà nílẹ̀ kò ju ìyẹn lọ, ó sì yé mi.

Ọjọ́ àkọ́kọ́ tí mo débẹ̀, ó jókòó sórí ẹní níwájú ilé, ó ń bó obì sínú apẹ̀rẹ̀. Ó wo káàdì ọrùn mi, ó bi mí pé ọmọ ta ni mí. Mo ní Ìperu ni wọ́n ti bí ìyá mi. Ó bi mí ní agboolé, mo sọ ọ́, ó sì tújú ká kíá. Ó ti bá wọn ra obì rí. Ohùn Rẹ́mọ tó jinlẹ̀ ló fi ń bá mi sọ̀rọ̀, irú èyí tí mò ń gbọ́ lẹ́nu ìyá ìyá mi, tí èmi fúnra mi ti sọ nù sí ilé-ìwé. Èmi ń fi Yorùbá inú ìwé dá a lóhùn.

Ó rẹ́rìn-ín. "Ọmọ yìí mà ń sọ̀rọ̀ bíi rédíò," ló wí. "Jókòó, ọmọ mi. Rédíò náà a máa jókòó."

Mo jókòó tì í lórí ẹní. Nígbà tó yá, ọmọbìnrin náà ti ilé-ìwé dé, ó kúnlẹ̀ kí wa, ó bọ́ aṣọ ilé-ìwé rẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣa obì tí kòkòrò ti jẹ sọ́tọ̀. Mo bi í pé kí ló dé tí kò fẹ́ lọ sọ́dọ̀ bàbá rẹ̀. Ó wò mí bí ẹni tí ìbéèrè náà kò bọ́gbọ́n mu lójú rẹ̀.

"Tí mo bá lọ," ó ní, "ta ló máa máa bá Màmá fi òwú sínú abẹ́rẹ́? Wọn ò ríran rí ojú abẹ́rẹ́ mọ́."

Mo kọ ìyẹn sílẹ̀. Ibẹ̀ yẹn nìkan ni mo ti ṣiṣẹ́ mi bó ṣe yẹ.

Lọ́jọ́ kejì, òjò lé wa wọ inú yàrá. A ń sọ̀rọ̀ nípa àwọn ọmọ Màmá tó ti kú, méjì ni wọ́n. Lẹ́yìn náà ló bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó fa àpótí onípáànù kan jáde lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ó ní, "Jẹ́ kí n fi nǹkan hàn ọ́, ìwọ kì í ṣe àlejò." Ó yọ ọ̀rá kan jáde, ó tú u, aṣọ funfun wà nínú rẹ̀, tí wọ́n ká dáadáa.

"Àkọ́bí mi ọkùnrin ló rà á fún mi nígbà tó lọ sí Mẹ́kà," ló wí. "Omi Sámúsámù, omi mímọ́ ibẹ̀, ló fi fọ̀ ọ́, ó sì sá a gbẹ níbẹ̀ kó tó gbé e wá. Òun náà ti lọ báyìí. Bí ọjọ́ tèmi bá pé, èyí ni wọn ó fi wé mi. Mi ò ní jẹ́ kí wọ́n máa sáré kiri ọjà torí aṣọ mi."

Ó gbé aṣọ náà sí imú, ó gbóòórùn rẹ̀, ó gbé e fún mi kí èmi náà gbóòórùn rẹ̀. Ó wá ń fi àwọn nǹkan tó kù hàn mí. Àwọn àǹkárá méjì tí kò tíì rán, ti ọmọ-ọmọ rẹ̀ ni. Yẹtí wúrà kékeré kan, ti ọmọ náà ni, tó bá ti dàgbà. Ó da gbogbo rẹ̀ padà, ó ti àpótí, ó di ìdí mú kó tó lè nà ró. "Ó ti rẹ̀ mí ṣá," ló wí. "Tí kì í bá ṣe ti ọmọ yìí ni, ǹ bá ti ní kí Ọlọ́run máa bọ̀ wá mú mi." Ó rẹ́rìn-ín, mo bá a rẹ́rìn-ín. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbàgbé ibẹ̀ yẹn. Mo bá a rẹ́rìn-ín.

Kì í ṣe pé mi ò mọ̀. Ìyá ìyá mi ní tirẹ̀ ní Ìperu, onígbàgbọ́ ni, aṣọ òfì kan ló fi pamọ́ pẹ̀lú gèlè rẹ̀ fún ọjọ́ tí wọ́n máa tẹ́ ẹ nínú pósí. Tí ọyẹ́ bá dé, a máa kó o jáde lọ sá sóòrùn kí kòkòrò má bàa jẹ ẹ́, èmi ni mo sì máa ń jókòó tì í kí adìyẹ má gùn ún. Ó máa ń jókòó sí ẹnu ọ̀nà, á máa wò ó, inú rẹ̀ á máa dùn. Kò sẹ́nì kan nílé wa tó rò pé ìyá yẹn fẹ́ kú. Ó pẹ́ láyé débi pé àwọ̀ aṣọ náà ti ń ṣí kó tó lò ó.

Mo mọ èyí. Mo mọ̀ ọ́n kí n tó mọ bí wọ́n ṣe ń di bàtà. Síbẹ̀, nínú kẹ̀kẹ́ tí mo wọ̀ padà lọ́jọ́ náà, mo ṣí fáìlì mi, mo sì mú fọ́ọ̀mù kan jáde, èyí tí wọ́n fún wa ní kíláàsì láti fi mọ ẹni tó ń ronú àtipa ara rẹ̀. Ṣé ó ń sọ̀rọ̀ ikú? Ṣé ó ní ayé ti sú òun tàbí ó ti rẹ òun? Ṣé ó ti ń palẹ̀ mọ́? Ṣé ó ti ń pín ohun ìní rẹ̀? Mo mú bíírò, mo máàkì bẹ́ẹ̀ ni, bẹ́ẹ̀ ni, bẹ́ẹ̀ ni, bẹ́ẹ̀ ni. Kẹ̀kẹ́ ń gbọ̀n, ọwọ́ mi kò gbọ̀n. Kí n má purọ́, inú mi dùn. Èmi náà ti ní nǹkan tí mo máa sọ ní kíláàsì.

Lókè fọ́ọ̀mù yẹn, wọ́n kọ ọ́ gàdàgbà pé kí a bi ẹni náà léèrè lójúkojú kí a tó máàkì ohunkóhun. Mi ò bi í. Ìgbà kẹta tó yẹ kí n lọ ni ǹ bá fi bi í, ṣùgbọ́n mi ò lọ, fóònù ni mo fi kí i. Mo mọ èsì tó máa fún mi, mi ò sì fẹ́ gbọ́ ọ, torí èsì yẹn máa gba nǹkan tuntun náà kúrò lọ́wọ́ mi.

Mo fi òru méjì kọ ìwé náà lédè Gẹ̀ẹ́sì. Nínú Gẹ̀ẹ́sì mi, aṣọ Màmá kò ní omi Sámúsámù lára mọ́, kò sì ní ọmọ tó rà á. Ó kàn di ẹ̀rí pé ó ti múra sílẹ̀. Ní ojú ewé tó kẹ́yìn, mo kọ ọ́ pé kí ọmọ máa bá Màmá gbé, kí wọ́n sì jẹ́ kí n máa wá gbà á nímọ̀ràn lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Mo rò pé wọ́n á kà á débẹ̀. Lọ́jọ́ tó yẹ kí ìwé lọ, wọ́n ti pe ọ̀gá mi sílé torí ẹbí rẹ̀ kan kú, ó ń sáré wọ mọ́tò nígbà tí mo gbé e fún un. Ó bi mí pé, "Ṣé kò sí nǹkan tó yẹ kí n mọ̀ níbẹ̀?" Mo ní, "Kò sí, mà." Ó buwọ́ lù ú láìkà á, torí ó fọkàn tán mi.

Lọ́jọ́ tí ìgbìmọ̀ jókòó, ọ̀gá mi kò tíì dé láti ibi ìsìnkú. Èmi ni mo mú Màmá àti ọmọ-ọmọ rẹ̀ lọ. Bàbá ọmọ wá pẹ̀lú ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin. Alága ìgbìmọ̀ jẹ́ bàbá kan tó wọ awò, ó ṣí ìwé mi, ó ń kà á, ó dúró níbì kan, ó sì tún ibẹ̀ kà. Ó bọ́ awò rẹ̀.

"Ìyá," ó ní, "ìwé tí àwọn tó ń gbè yín lẹ́yìn kọ rèé. Wọ́n ní ó ṣeé ṣe kẹ́ ẹ gba ẹ̀mí ara yín. Wọ́n ní ẹ ti ń múra rẹ̀."

Màmá kò gbọ́ ọ dáadáa. Ó yíjú sí ọmọ-ọmọ rẹ̀, ó ní, "Kí ni wọ́n wí?" Ilẹ̀ ni ọmọ náà ń wò. Alága tún un sọ pẹ̀lú ohùn tó ròkè, gbogbo ẹni tó wà níta sì gbọ́ ọ. Màmá gbé ọwọ́ lé àyà. Ó ní kí Ọlọ́run dárí ji òun tí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ wọ etí òun.

"Aṣọ mi ni," ló wí. "Aṣọ mi ni mo fi hàn án." Ó wá yíjú sí mi. "Ọmọ mi, sọ fún wọn."

Gbogbo wọn ń wò mí. Ọ̀rọ̀ kan péré ló kù kí n sọ, pé àṣà àwọn ìyá wa ni, pé èmi náà ti sá aṣọ ìyá ìyá mi sóòrùn rí, pé mo ṣì í kọ ni. Alága bi mí pé, "Ṣé ìwọ lo kọ èyí?" Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, sà." Ó ní, "Ṣé òótọ́ ni?"

"Ohun tí fọ́ọ̀mù béèrè ni mo kọ, sà."

Ohun tí mo sọ nìyẹn. Mo ti tún un sọ lọ́kàn mi lóríṣiríṣi ọ̀nà láti ìgbà náà, gbogbo rẹ̀ ló sì dára ju èyí tó jáde lẹ́nu mi lọ. Ojú ló tì mí nígbà náà láti sọ níwájú ìgbìmọ̀ pé mo ṣàṣìṣe, mo sì jẹ́ kí arúgbó kan gbé ìtìjú náà fún mi.

Wọ́n ní kí ọmọ máa bá bàbá rẹ̀ lọ ná, kí dókítà yẹ Màmá wò, pé tí táàmù bá parí, àwọn á tún jókòó. Wọ́n ní kí n tẹ̀ lé wọn délé kí ọmọ kó ẹrù rẹ̀. Bàgì ilé-ìwé kan àti ọ̀rá kan ni ẹrù náà. Nígbà tí ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ ń kígbe pé kó yára, ó wọ yàrá lọ, kò sì tètè jáde. Mo yọjú wò ó. Ó ti kó gbogbo abẹ́rẹ́ Màmá jọ, ó ń fi òwú gígùn sínú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, ó sì ń gún wọn mọ́ kọ́tìnì. Mo ka mẹ́fà, mo sì kúrò lẹ́nu ọ̀nà.

Ọ̀gá mi dé lọ́jọ́ kejì. Ó ka ìwé náà lẹ́ẹ̀mejì bó ṣe máa ń ṣe, ó gbé e kalẹ̀.

"Ṣé ìwọ ò ní ìyá àgbà ni?"

"Mo ní, mà."

"Ṣé kò ní aṣọ?"

"Ó ní, mà."

Fáànù ń ké lórí wa. Ó wù mí kí ọ̀gá mi lé mi, kí n lè máa bínú sí i, ṣùgbọ́n kò lé mi. Bébà ló gbé síwájú mi, ó ní kí n kọ̀wé sí ìgbìmọ̀ pé mo ṣì í kọ. Mo kọ ọ́. Èsì dé pé ó di ọjọ́ ìjókòó tó ń bọ̀. Lópin ọ̀sẹ̀ yẹn, olùkọ́ wa ka ìwé mi àkọ́kọ́, èyí tí mo ti fi ránṣẹ́ sí i tẹ́lẹ̀, ó ní ìwé náà ló dára jù nínú kíláàsì, ó sì fún mi ní máàkì tó ga jù. Mo ní, "Ẹ ṣé, sà." Máàkì náà ṣì wà lára èsì ìdánwò mi títí dòní.

Ó gbà mí tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí n tó lè lọ bẹ Màmá. Mo dé ibẹ̀, mo kúnlẹ̀ lórí sìmẹ́ńtì. Ó ní kí n dìde. Kò bínú o, ìbá tiẹ̀ bínú. Ó ní kí wọ́n gbé àga wá fún mi láti inú ilé, ó sì ń pè mí ní ẹ̀yin ará ọ́fíìsì. Ẹní wà nílẹ̀, kò ní kí n jókòó sórí ẹní.

"Ó dáa bẹ́ ẹ ṣe wá," ló wí. "Mo ti ń wá ẹni tí mo máa rán sí yín." Ó mú mi wọ yàrá, ó fa àpótí jáde, ó ṣí i. Àǹkárá méjì náà wà níbẹ̀, yẹtí wà níbẹ̀. Kò sí ọ̀rá, kò sí aṣọ funfun. Ìyá kan kú ní àdúgbò wọn, tí kò lẹ́nìkan, Màmá sì gbé aṣọ náà fún wọn kí wọ́n fi sin ín.

"Ẹ wò ó dáadáa," ló wí. "Ẹ kọ ọ́ síbẹ̀ pé kò sí aṣọ nínú àpótí mi mọ́. Ẹ kọ ọ́ pé ẹ fi ojú yín rí i. Ṣé wọ́n á dá ọmọ mi padà báyìí?"

Mo mú bíírò, mo kọ ọ́. Bíírò kan náà ni.

Nígbà tí ìgbìmọ̀ tún jókòó, ọ̀gá mi ló sọ̀rọ̀, ó sì mú ìwé dókítà dání. Mo dìde, mo sọ ohun tó yẹ kí n ti sọ. Wọ́n dá ọmọ náà padà fún Màmá. Ó ti rù, wọ́n ti gé irun rẹ̀, kò sì lọ ilé-ìwé ní gbogbo ìgbà tó fi wà níbẹ̀. Ó kí mi dáadáa, gẹ́gẹ́ bí ọmọ tó ní ẹ̀kọ́ ilé. Kò wo ojú mi.

Mo lọ ra aṣọ funfun. Mo bẹ ẹnì kan tó ń lọ sí Mẹ́kà, ó bá mi fi omi Sámúsámù fọ̀ ọ́, ó sá a gbẹ níbẹ̀. Kì í ṣe ti ọmọ Màmá, mo mọ̀, ti ọmọ rẹ̀ kò ṣeé rà. Mo gbé e lọ sí Ẹ̀pẹ́ nínú ọ̀rá tuntun. Màmá tú u, ó fọwọ́ kàn án, ó gbé e sí imú, ojú rẹ̀ sì rọ̀ díẹ̀. Lẹ́yìn náà ló wo ọmọ-ọmọ rẹ̀ tó ń ṣa obì níta, ó yára ká aṣọ náà, ó sì dá a padà sọ́wọ́ mi.

"Ẹ bá mi tọ́jú rẹ̀ lọ́dọ̀ yín," ló wí. "Ilé tiyín, kò sẹ́ni tó máa wá yẹ àpótí wò."

Ọ̀dọ̀ mi ló wà. Tí ọyẹ́ bá dé, mo máa ń gbé e jáde lọ sá sóòrùn, n ó sì jókòó tì í.